Ẹ̀bẹ̀ àdúrà fún ìdílé ọlọ́fọ̀ àti fún àwọn onígbàgbọ́ tí wọ́n ń ṣe inúnibíni sí: kí la máa kọ, kí la ò gbọdọ̀ kọ?

Akọ̀wéÀdúrà

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, ẹ̀yin ará. Ìwé ẹ̀bẹ̀ àdúrà ìjọ wa ti bọ́ sọ́wọ́ mi báyìí, àti gúrúùpù Wásáàpù tí èèyàn inú rẹ̀ lé ní igba. Oríṣi ẹ̀bẹ̀ méjì ló ń wọlé jù: ti ilé tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, àti ti àwọn onígbàgbọ́ tí wọ́n jí gbé, tí wọ́n tì mọ́lé, tàbí tí ẹbí lé jáde nítorí Kristi. Èyí tó yẹ kó ṣe ṣókí ló ń gùn jàn-ànràn, èyí tó yẹ kó bo orúkọ ló ń tú gbogbo rẹ̀ síta. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló yẹ kó wà nínú ẹ̀bẹ̀ kan? Ìgbà wo la máa ń dẹ́kun àdúrà lórí rẹ̀? Báwo la ṣe ń mọ èyí tó jẹ́ irọ́?

ÌyáÌjọ

Akọ̀wé, ẹ kú làálàá. Ẹ jẹ́ ká ti ilé ọ̀fọ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú òkú tó jẹ́. Òkú àgbà yàtọ̀ sí òkú ọ̀fọ̀, àdúrà wọn ò sì lè jẹ́ ọ̀kan náà. Bí bàbá ẹni ọdún 85 bá sùn, "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, ẹ̀yìn bàbá á dára" bá a mu wẹ́kú, àwọn ọmọ á sì ṣe àmín. Bí ẹ bá gbé irú rẹ̀ lọ bá ìyá tí ọmọ ọdún 21 ṣẹ̀ṣẹ̀ kú mọ́ lọ́wọ́, ẹ tún ọgbẹ́ rẹ̀ dá ni. Níbẹ̀, "Ẹ kú ìrọ́jú, Olúwa á tù yín nínú" ti tó. Ẹ má sọ fún un pé Ọlọ́run ló fẹ́ràn ọmọ náà jù ú lọ. Ẹ má sì ní kó má sunkún. Jésù alára sunkún nígbà tó ń lọ síbi ibojì Lásárù (Jòhánù 11:35), bẹ́ẹ̀ Ó mọ̀ pé Òun máa jí i.

Ẹni méjì tàbí mẹ́ta ni kó lọ, kì í ṣe odindi bọ́ọ̀sì kan. Ogún ìṣẹ́jú ti pọ̀ tó. Ẹ jókòó, ẹ dákẹ́ díẹ̀. Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù kọ́kọ́ dé, wọ́n bá a jókòó sórí ilẹ̀ ní ọjọ́ méje àti òru méje, ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan kan (Jóòbù 2:13). Ìgbà tí wọ́n lanu ni ọ̀rọ̀ tó dojú rú. Kí ẹnì kan ṣoṣo gbàdúrà, ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Ẹ dárúkọ olóògbé. Àwọn kan máa ń yẹra fún orúkọ rẹ̀ nítorí kí wọ́n má baà mú ẹlòmíì sunkún, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn ni ìyá rẹ̀ ń retí láti gbọ́.

Mo fẹ́ tẹnu mọ́ ọ̀kan. Àdúrà kan wà tó ti tú ilé púpọ̀ ká: "Olúwa, tú àṣírí ẹni tó wà nídìí ikú yìí." Ẹni tó gbà á lè má ní ẹnikẹ́ni lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ẹbí ọkọ tó wà ní ìjókòó ti yíjú sí opó. Kí wọ́n tó sin òkú, wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ yàrá lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn tó ń ṣáájú àdúrà kí wọ́n tó kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá débẹ̀.

Katikíìsì_Ìjẹ̀bú

Mo fara mọ́ ìyá. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé ilé ọ̀fọ̀ Yorùbá kì í ṣe ti ìjọ kan ṣoṣo. Bí ìdílé bá jẹ́ Àgùdà, wọ́n á ní kí ẹ gbàdúrà fún ọkàn olóògbé, wọ́n á sì ní kí fàdá rú Mísà fún un. Ọ̀pọ̀ ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì ò gbà bẹ́ẹ̀. Ilé ọlọ́fọ̀ kọ́ ni wọ́n ti ń jà á. Ẹ dúpẹ́ fún ayé tó gbé, kí ẹ sì gbàdúrà fún àwọn tó ṣẹ́ kù. Kò sí ẹni tí ìyẹn máa bí nínú. Àwọn àbúrò bàbá tó jẹ́ Mùsùlùmí náà á wà níbẹ̀, wọ́n á ṣe àmín. Ẹ má sọ ibẹ̀ di ìwàásù ìyípadà.

Alámòójútó_Gúrúùpù

Ti bí a ṣe ń kọ ọ́ ni mo fẹ́ dáhùn. Ẹ̀bẹ̀ tó dára kì í ju ìlà márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ. Ó máa ń sọ ẹni tó jẹ́ (ipò rẹ̀, kì í ṣe dandan kó jẹ́ orúkọ), ohun tó ṣẹlẹ̀ ní gbólóhùn kan, ohun tí àwọn fúnra wọn ní ká tọrọ, ọjọ́ tí ẹ máa tún un wò, àti ẹni tó máa mú ìròyìn padà wá. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí:

"Opó kan nínú ìjọ wa, ọmọ mẹ́ta, àbíkẹ́yìn ṣì ń mu ọmú. Ọkọ rẹ̀ kú lọ́jọ́ Ẹtì nínú ìjàǹbá ọkọ̀. Ó ní ká bá òun tọrọ oorun, kí ọmú má gbẹ, àti kí ìpàdé ẹbí ti Sátidé lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. A máa tún un wò lọ́jọ́ 14 oṣù yìí. Ìyá Ìjọ ló ń mú ìròyìn wá; ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe opó náà."

Ẹ rí i pé oorun, ọmú àti ìpàdé ẹbí ni wọ́n tọrọ. "Ẹ bá wọn gbàdúrà, nǹkan ò rọrùn" kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Ẹni tó kà á kò mọ ohun tó máa bèèrè, á ṣe àmín, á sì kọjá lọ. Gbólóhùn ìkẹyìn nínú àpẹẹrẹ yẹn náà ṣe kókó. Láìsí i, ogójì èèyàn ló máa pè é kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo wọn á sì ní kó tún ọ̀rọ̀ náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ọ̀rọ̀ kí ẹ tó gbé e síta. Àṣẹ pásítọ̀ ò tó.

Nọ́ńbà àkáǹtì kì í wọ inú ẹ̀bẹ̀ àdúrà. Bí ìrànlọ́wọ́ owó bá wà, kó gba ọ̀dọ̀ akápò, kí ẹni méjì máa fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ tí àdúrà àti àkáǹtì bá ti jọ wà lójú kan, ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ á tijú láti ka ẹ̀bẹ̀ náà.

ÌyáÌjọ

Ẹ ṣeun, ẹ sọ ọ́ dáadáa. Lórí ìgbà tí a máa dẹ́kun: ọ̀pọ̀ ìjọ ń dáwọ́ dúró lọ́jọ́ ìsìn ìdúpẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú, ìgbà yẹn gan-an sì ni ilé máa ń dá. Àwọn àlejò ti lọ, ìjókòó ti padà sọ́dọ̀ ẹni tó yá wọn, gbèsè ìsìnkú ti kù sílẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ mẹ́rin sínú ìwé fún ìdílé kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ kẹjọ, ogójì ọjọ́, ọjọ́ tí ilé ìwé bá wọlé (owó ilé ìwé ni ẹ̀bẹ̀ opó ní sáà yẹn), àti àyájọ́ ọdún kan. Kí orúkọ arábìnrin tàbí arákùnrin kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ìdílé kọ̀ọ̀kan. Ohun tó jẹ́ ti gbogbo ayé, kò sẹ́ni tó máa ń rántí rẹ̀.

Bí àdúrà bá jẹ́ lórí dúkìá, ẹ bèèrè bóyá ìwé ìgbéyàwó wà lọ́wọ́ opó, kí ẹ sì tọ́ka rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò kan nínú ìjọ tó máa bá a gba ìwé àṣẹ ìṣàkóso dúkìá ní ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀. Báńkì kì í tú owó olóògbé tí kò ṣe ìwé ìhágún sílẹ̀ láìsí i. Ẹ máa gbàdúrà, kí ẹ sì bá a wá ìwé náà.

Nọ́ọ̀sì_Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú ilé o. Fún àwọn tó wà ní òkè òkun: ẹ má fi kàlẹ́ńdà ilé wọn wá. Ní Gẹ̀ẹ́sì, bí ikú bá jẹ́ òjijì, ìjọba lè mú òkú dání kí wọ́n fi wádìí ohun tó fà á, ìsìnkú sì lè di ọ̀sẹ̀ mélòó kan síwájú. Nítorí náà, ìdílé lè ti gbọ́ ikú láti oṣù tó kọjá kí wọ́n má tíì sin ín. Àdúrà wọn nígbà yẹn ni sùúrù, àti ọkàn tó máa gba èsì àyẹ̀wò. Ẹlòmíì tún wà tí ìyá rẹ̀ kú ní Èkìtì, tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ ò sì tíì jáde, tí kò lè wá sílé sin ín. Ẹ máa rántí irú wọn nínú ìpàdé orí fóònù, ṣùgbọ́n ẹ má kéde pé ìwé ni kò ní. "Kò lè rìnrìn àjò lásìkò yìí" ti tó.

AgbàwíÀríwá

Ẹ kú iṣẹ́. Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí àwọn tí wọ́n ń ṣe inúnibíni sí, torí ibẹ̀ ni ìkọ̀wé wa ti lè pa èèyàn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi orúkọ. Àwọn kan rò pé bí àwọn ò bá ti dárúkọ, àwọn ti bò ó. "Arákùnrin tó ń tún fóònù ṣe, ọmọ lèmọ́mù, ní ìlú kékeré báyìí-báyìí." Kò dárúkọ, ṣùgbọ́n gbogbo ará ìlú náà ti mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́, òbí àti ìlú, bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti pàdé, orúkọ ni. Ẹ yọ méjì kúrò. Báyìí ló ṣe lè rí:

"Arákùnrin kan ní Àríwá, kò tíì pẹ́ tó gba Jésù. Ilé ti lé e. Ó ń tọrọ ibi tó máa sùn, iṣẹ́ tó máa fi jẹun, àti kí ìyá rẹ̀ gbà kó bá òun sọ̀rọ̀. Ẹ má bèèrè orúkọ. Ẹ má fi ránṣẹ́ síta."

Bí ọ̀dọ́ kan ní Ìlọrin bá fi ẹ̀sìn ilé rẹ̀ sílẹ̀, ẹ má ka ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ nínú ìjọ kankan ní Ìlọrin. Ẹ gbé e fún ìjọ tó jìnnà. Ẹ má ya fọ́tò ìrìbọmi rẹ̀. Fọ́tò ń sọ̀rọ̀: pátákó ṣọ́ọ̀ṣì, nọ́ńbà ọkọ̀, aṣọ ilé ìwé, ilé gogoro tó wà lẹ́yìn. Ẹ sì máa rántí pé Wásáàpù lè mú kí ọ̀rọ̀ pa rẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ méje, ṣùgbọ́n kò lè dí ẹni tó ya àwòrán ojú fóònù rẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ má rò pé mò ń dẹ́rù bani lásán. Ohùn tí Deborah Samuel, akẹ́kọ̀ọ́ onígbàgbọ́ kan, fi sórí gúrúùpù Wásáàpù kíláàsì rẹ̀ ni wọ́n gbé kiri kí àwọn èrò tó pa á ní Ṣókótó lọ́jọ́ 12 oṣù Karùn-ún, 2022. Nínú oṣù yẹn kan náà, wọ́n mú Rhoda Jatau ní Bauchi, wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó fi fídíò tó bẹnu àtẹ́ lu ìpànìyàn náà ránṣẹ́ sí àwọn ẹlòmíì. Oṣù Kejìlá 2023 ni wọ́n tó gba onídùúró rẹ̀. Oṣù Kejìlá 2024 ni ilé ẹjọ́ dá a láre.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn ṣe gùn tó. Ẹni tó bá ń sọ "Olúwa, tú u sílẹ̀" nìkan fún oṣù 19, ó máa rẹ̀ ẹ́. Ẹ gé àdúrà sí wẹ́wẹ́: ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ tó ń bọ̀, ìlera agbẹjọ́rò, kí adájọ́ má sún ẹjọ́ síwájú mọ́, oúnjẹ tí wọ́n ń gbé wọlé fún un, àwọn ọmọ tó wà nílé. Bí wọ́n bá sún ẹjọ́ síwájú, ẹ kọ ọjọ́ tuntun sínú ìwé lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ sì jẹ́ kí ohun tí ẹlẹ́wọ̀n fẹ́ ṣáájú ohun tí àwa rò pé ó fẹ́. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù wà nínú ìdè, kì í ṣe ìtúsílẹ̀ ló ní kí ará Éfésù bá òun tọrọ. Ẹnu tó ṣí àti ìgboyà láti sọ ìyìn rere ni (Éfésù 6:19-20). Ó tún ní kí Tímótì bá òun mú aṣọ òtútù tí òun fi sílẹ̀ ní Tíróásì wá, pẹ̀lú àwọn ìwé, kó sì gbìyànjú láti dé kí ìgbà òtútù tó bẹ̀rẹ̀ (2 Tímótì 4:13, 21). Aṣọ òtútù wà nínú Bíbélì. Ẹni tó ń fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí bùláńkẹ́ẹ̀tì sínú ẹ̀bẹ̀ kò ṣe àṣejù.

Alámòójútó_Gúrúùpù

Lórí ìjínigbé: ẹ má kọ iye tí wọ́n ń bèèrè, ẹ má kọ orúkọ ẹni tó ń bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ má kọ pé àwọn ọmọ ẹni tí wọ́n gbé wà ní òkè òkun. Ẹ má sọ ibi tí àwọn ọlọ́pàá tàbí ọdẹ ti ń wá wọn. "Wọ́n wà lọ́wọ́ ajínigbé, ẹ tọrọ ẹ̀mí wọn, oúnjẹ, kí òjò má pa wọ́n, kí wọ́n máa mú ara wọn lọ́kàn le." Ó tán.

Ní Eruku, ìpínlẹ̀ Kwara, lọ́jọ́ 18 oṣù Kọkànlá 2025, ìsìn ń lọ lọ́wọ́, ó sì ń jáde lórí ayélujára nígbà tí àwọn agbébọn já wọ ìjọ CAC tó wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ 23 ni wọ́n kéde pé ènìyàn 38 ti gba ìtúsílẹ̀. Ní agbègbè tí irú nǹkan báyìí bá ti ń ṣẹlẹ̀, ìsìn orí ayélujára ń sọ iye ènìyàn tó wà nínú ilé, ibi tí wọ́n jókòó sí, àti ìgbà tí wọ́n máa ń jáde. Ẹ gbà á sílẹ̀, kí ẹ gbé e síta lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn bá ti délé.

Bí wọ́n bá dé láti ìgbèkùn, ẹ má gbé wọn sórí pẹpẹ lọ́sẹ̀ náà pé kí wọ́n wá jẹ́rìí. Dókítà kọ́kọ́. Ẹ̀rí lè dúró di ìgbà tí àwọn fúnra wọn bá fẹ́.

Afàdúràjagun

Ẹ̀yin ará, mo gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹ̀ ń gba àdúrà jẹ́jẹ́ báyìí? Dáfídì ò bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀tá rẹ̀. Ẹni tó ń pa ọmọ Ọlọ́run, kí iná sọ̀kalẹ̀ lé e lórí ló yẹ ká máa gbà.

AgbàwíÀríwá

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ni pé igbe ẹ̀san wà nínú Sáàmù. Ẹ gba Sáàmù 10, ẹ gba 94, ẹ bẹ Ọlọ́run kó dá apá ìkà, kí ọwọ́ òfin tẹ̀ wọ́n, kí ẹjọ́ wọn má kú sílé ẹjọ́. Àdúrà ìdájọ́ òdodo nìyẹn, ó sì yẹ ká máa gbà á kíkankíkan. Ohun tí mò ń kọ̀ ni kí ẹ̀bẹ̀ máa dárúkọ ẹ̀yà kan tàbí "àwọn Mùsùlùmí" bí ẹni pé gbogbo wọn ló gbé ìbọn. Boko Haram ti pa Mùsùlùmí lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Nínú ìjọ yín náà, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Àáfà wà ní ìjókòó, á sì gbọ́ ọ. Jésù ní ká gbàdúrà fún àwọn tó ń ṣe inúnibíni sí wa (Mátíù 5:44), Stéfánù sì ṣe bẹ́ẹ̀ lábẹ́ òkúta.

ÌyáÌjọ

Kí n fi èyí kún un. Ẹ má fi ìdáríjì ni ẹni tí wọ́n pa ọkọ rẹ̀ lára níbi sàréè. Aṣáájú ò lè dúró níbẹ̀ kó ní "a ti dárí jì wọ́n." Ta ló bá a dárí jì? Ẹ gbàdúrà kí Ọlọ́run gbé e débẹ̀ ní àkókò Rẹ̀, ó pin.

Ọmọ_Ọ̀wọ̀

Ẹ ṣeun fún ọ̀rọ̀ yìí. Fún àwọn tó fẹ́ máa rántí Ọ̀wọ̀: ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà, 2022, Ọjọ́ Ìsinmi Pẹ́ńtíkọ́sì, ni wọ́n yìnbọn tí wọ́n sì ju bọ́ǹbù sí ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà ti St. Francis. Bí ogójì ènìyàn ló kú. Ọjọ́ 17 oṣù náà ni ìsìn ìsìnkú wọn wáyé. Àyájọ́ rẹ̀ jẹ́ méjì. Ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà wà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Pẹ́ńtíkọ́sì ń sún kiri: ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà ló bọ́ sí ní 2025, ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ní 2026. Ẹ fi méjèèjì sínú kàlẹ́ńdà. Nígbà tí gbogbo ìjọ bá ń yọ̀ pé Ẹ̀mí Mímọ́ sọ̀kalẹ̀, ẹ yọ ìṣẹ́jú díẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Ẹ rántí àwọn tó fara gbọgbẹ́ náà: ẹni tó pàdánù ẹsẹ̀ ṣì nílò ẹsẹ̀ àtọwọ́dá tí wọ́n máa ń pààrọ̀, ọmọdé ń dàgbà kúrò nínú tirẹ̀. Ariwo ilẹ̀kùn tàbí ti bánńgà ọdún Kérésì lè mú ẹlòmíì sá jáde láàárín ìsìn. Ẹ jẹ́ kí irú wọn jókòó nítòsí ẹnu ọ̀nà.

Akọ̀wéÀdúrà

Ọlọ́run á bùkún yín. Èyí tó jẹ́ irọ́ ńkọ́? Àti ẹni tí a gbàdúrà fún tí kò jáde mọ́ títí tó fi kú, báwo la ṣe ń kọ ọ́?

Alámòójútó_Gúrúùpù

Irọ́ kì í ní ọjọ́. Ẹ ti rí èyí tó ní "Ẹ gbàdúrà kíákíá, wọ́n fẹ́ pa míṣọ́nnárì 22 ní Afghanistan lọ́la." "Lọ́la" yẹn ti lé ní ọdún mẹ́wàá. Ó jọ pé orí ìṣẹ̀lẹ̀ tòótọ́ ni wọ́n gbé e lé: oṣù Keje 2007 ni Tálíbánì jí onígbàgbọ́ 23 láti Kòríà Gúúsù gbé, wọ́n pa méjì, àwọn tó kù sì ti bọ́ kí oṣù Kẹjọ tó parí. Bí ẹ̀bẹ̀ bá wọlé tí kò ní déètì, tí kò sọ ìjọ tó ti wá, tó sì ní kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni mẹ́wàá, ẹ dá a dúró. Ẹ bá ìjọ kan ní agbègbè náà sọ̀rọ̀. Bí ẹ ò bá rí ẹnì kankan, ẹ gbàdúrà lápapọ̀ fún ìjọ orílẹ̀-èdè náà, ẹ má sì fi ìròyìn yẹn ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ìjọ ń ya ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún àdúrà lórí ìjọ tí wọ́n ń ṣe inúnibíni sí. Àkókò yẹn gan-an ni irú irọ́ yìí máa ń pọ̀.

AgbàwíÀríwá

Lórí ìkejì. Ní Ẹ́rítírià, ìjọba ti gbogbo ìjọ pa ní 2002 àfi Ọtọ́dọ́ọ̀sì, Àgùdà àti Lútérù, pẹ̀lú ẹ̀sìn Ìsìláàmù Súnnì. Abune Antonios, olórí ìjọ Ọtọ́dọ́ọ̀sì wọn, ni wọ́n yọ nípò, tí wọ́n sì sé mọ́lé fún ọdún tó lé ní mẹ́wàá. Inú àhámọ́ yẹn ló kú sí ní oṣù Kejì 2022. Nínú ìwé àdúrà, ẹ má fi igi fa irú orúkọ bẹ́ẹ̀ tàbí kí ẹ kọ "kò gbà." Ẹ kọ déètì ikú síwájú rẹ̀, kí ẹ sì kọ ohun tí àdúrà kàn báyìí sí ìsàlẹ̀: ẹbí rẹ̀, ìjọ rẹ̀, àwọn tí wọ́n tì mọ́lé tí wọn ò tíì jáde. Bí Ásíà Bíbí, obìnrin onígbàgbọ́ kan, bá jáde lẹ́wọ̀n ní Pakistan ní 2018 lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ tí wọ́n ti dájọ́ ikú fún un, ẹ kọ ìyẹn náà pẹ̀lú déètì tirẹ̀. Kí ìwé náà sọ òtítọ́ nípa àwọn méjèèjì.

Katikíìsì_Ìjẹ̀bú

Ọ̀kan tó kù: ìwé náà fúnra rẹ̀. Ẹ má fi sílẹ̀ lórí àga níwájú pẹpẹ láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ máa tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹni méjì péré. Ẹ lo ìwé kan fún ọlọ́fọ̀, òmíràn fún ti inúnibíni. Èyí kejì kì í jáde kúrò nínú yàrá àdúrà. Bí ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàgbọ́ bá ti yanjú, ẹ ya ojú ewé rẹ̀ kúrò, kí ẹ sun ún.